Kásẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Fi Orin Ìkórè Bò Mọ́lẹ̀

Tíṣà àgbà ilé-ìwé ìjọ wa ní Ayétòrò ni ó ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú ìkórè ìjọ ni, ní ọdún 1988, láàárín ìgbà tí wọ́n lu agogo pe àwọn akọrin jọ àti ìgbà tí wọ́n túká lọ sílé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ṣì wà láyé, ó ti darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ ọjọ́ náà àti àsìkò náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹjọ́ tí kò lórí tí kò nídìí ni mo ń rò. Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé.

Mo rántí ìgbà náà bí ẹni pé òórùn rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ mi. Òórùn ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, mo sì ti lo ọdún márùn-ún ní ilé tíṣà àgbà. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní Ilobi kí bàbá wa tó kú, tí ìyá mi fi fà mí lé tíṣà lọ́wọ́, nítorí pé ẹbí ni wọ́n. Àdéhùn wọn kò sí nínú ìwé, ẹnu ni wọ́n fi ṣe é: èmi yóò máa ṣe iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oko, òun yóò sì rán mi padà sí ilé-ìwé. Mo ṣe iṣẹ́ tèmi. Mo fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ní èèpo ẹ̀gẹ́, mo pọnmi, mo fọ ẹ̀wù àwọn akọrin, mo sì ń gbá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí n kò jókòó nínú rẹ̀ rí. Bí táàmù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi a lọ dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè tó mi, òun náà a wò mí tìfẹ́tìfẹ́, a ní, "Táàmù tó ń bọ̀." Táàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo gbọ́ gbólóhùn yìí. Mo gbà á gbọ́ ní mẹ́rìnlá nínú wọn, kí ẹ lè mọ irú ọgbọ́n tí mo ní nígbà náà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí n kò sá. Ẹ̀gbọ́n mi ti sá. Òun ni ìyá wa kọ́kọ́ fà lé tíṣà lọ́wọ́. Ó fara dà á fún ọdún méjì, nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó gun kẹ̀kẹ́ tíṣà, ó gba ọ̀nà bọ́dà lọ, ibi tí a tún ti gbúròó rẹ̀ ni Abíjáà, níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ télọ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ náà rán awakọ̀ kan padà, kẹ̀kẹ́ náà kò sì ní àléébù kankan lára, síbẹ̀ tíṣà pè é ní olè níwájú gbogbo ìjọ. Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Nítorí ìtìjú yẹn ni ó ṣe fi èmi dí àyè tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń kúrò ní Ilobi, ó di etí mi mú, ó ní, "Ọmọ méjì ni mo bí. Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé sísá ni mo bí àwọn méjèèjì fún." Ilé tíṣà kò ní àgádágodo. Ojú ìyá mi ni àgádágodo tí wọ́n fi tì mí mọ́bẹ̀, n kò sì rí ibi tí ẹ̀dá ti lè fọ irú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í kọ lẹ́tà. Àpótí lẹ́tà ilé-ìwé ni gbogbo àdúgbò ń lò, ọwọ́ tíṣà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Bí lẹ́tà bá dé, òun ni yóò pe orúkọ onílẹ́tà lẹ́yìn ìsìn; bí onílẹ́tà kò bá mọ̀wé, òun náà ni yóò kà á fún un. Mo ti rí i tí ó ń ka lẹ́tà ọkọ fún ìyàwó, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ibi tí kò yẹ kí ẹlòmíràn gbọ́. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ènìyàn wa tó wà ní Kútọnu àti Abíjáà ń lò. Wọn a sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, wọn a fi rán awakọ̀, awakọ̀ a fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníǹkan. Ẹni tó bá gbà á, bó bá ti gbọ́ ọ tán, a sọ ìdáhùn tirẹ̀ lé e lórí, a sì dá a padà. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lè lọ, kó bọ̀, títí ohùn inú rẹ̀ yóò fi ha. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fi í kán eyín kékeré méjì tí ó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá kán an, kò sí ẹni tó tún lè gba ohùn mìíràn lé e. Kíkán eyín yẹn dà bí ìgbà tí o bá sọ fún ènìyàn rẹ pé o kò fẹ́ ìdáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò kán an. Ó fẹ́ ìdáhùn.

Ọjọ́bọ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì náà dé, inú àpò kékeré kan tí wọ́n fi àjákù ànkárá rán ni ó wà. Awakọ̀ tó mú un wá kò sọ jú gbólóhùn kan lọ: "Wọ́n ní ìwọ nìkan ni kó o gbọ́ ọ." Mo rẹ́rìn-ín sínú, nítorí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi lè tó ní gbogbo Ayétòrò ni ti ìjọ, tí ó wà ní pálọ̀ tíṣà, lábẹ́ aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ̀ fi òwú hun. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà pamọ́ sáàárín àwọn ẹ̀wù akọrin tí mo fẹ́ fọ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí tíṣà wà nílé-ìwé tí ìyàwó rẹ̀ sì ti lọ sọ́jà, mo ká aṣọ funfun náà kúrò, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo tẹ rédíò náà.

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde, mo sì bú sẹ́kún kí ó tó parí ọ̀rọ̀ kìíní. Ó kí mi. Ó kí ìyá wa, ó ki oríkì rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó kí ìyá àgbà. Ó kí àwọn tí ó bá wa pín ògiri ní Ilobi, lọ́kọláya, tọmọtọmọ, ó kí ẹni tó ń gé irun wa, ó kí ajá ilé wa tí ó ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ó bèèrè bóyá ọsàn ẹ̀yìnkùlé ti so. Ó dúró, ó tún rántí àwọn tí kò tíì kí, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ó sì kí wọn. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn: ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ṣáájú ìkíni, a ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi náà ń dáhùn bí òmùgọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń ní, "Wọ́n wà o, ẹ̀gbọ́n, àlàáfíà ni," tí agogo ara ògiri ń rìn lọ. Nígbà tí ìkíni wá tán, ó wú ikọ́ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀n," gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Abíjáà ti ń sọ bí wọ́n bá fẹ́ dé ìdí ọ̀rọ̀. "Bọ̀n. Àbúrò, fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí…"

Ilẹ̀kùn ṣí. Tíṣà àgbà ni. N kò mọ ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo tẹ rédíò náà pa.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nìkan, sà."

"Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin."

"Rédíò ni, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo eyín rẹ̀. "Kásẹ́ẹ̀tì ta nìyí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá ní ti ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀rọ̀ olè àti ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yóò tún jí, ìyá mi yóò sì tún kúnlẹ̀. Ìyẹn ni mo rò. Mo wolẹ̀, mo ní, "Ti ìjọ ni, sà."

"Ti ìjọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa," ni tíṣà wí, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. "Ìjọ á lò ó."

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, mo ń kó bẹ́ǹṣì wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì fún ìkórè nígbà tí tíṣà to àwọn akọrin síwájú pẹpẹ. Òun ni ọ̀gá wọn. Ó gbé rédíò sórí àga, ó mú kásẹ́ẹ̀tì náà jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi í sínú rédíò, ó yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì pupa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́. Èmi dúró, mo gbé bẹ́ǹṣì léjìká, mo ń wo kásẹ́ẹ̀tì tó ń yí, mo sì mọ̀ pé ìkíni ló ń jẹ lọ́wọ́: ìyá wa ti lọ, ìyá àgbà ti lọ, ajá ti lọ. Gbólóhùn kan ì bá dá a dúró. Ó wà lọ́nà ọ̀fun mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú wọn wò mí láàárín orin kan sí èkejì, ó ní, "Àbúrò, kí ló ṣe ẹ́? O dúró bí ẹni tá à ń kọrin ìsìnkú fún." Gbogbo akọrin rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ bẹ́ǹṣì kalẹ̀, mo padà lọ gbé òmíràn.

Nígbà tí ìkórè parí ní ọjọ́ Àìkú, àwọn akọrin pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò láti gbọ́ ohùn ara wọn. Orin kan tán, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orin ìkẹyìn parí, a gbọ́ ikọ́ tíṣà, a gbọ́ ariwo bọ́tìnnì, ibi tí orin kò dé lórí kásẹ́ẹ̀tì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni: "…má jẹ́ kó pẹ́ o, àbúrò. Bí n kò bá rí ẹ níbẹ̀, mo ti mọ̀ nìyẹn pé ẹni tó ń bọ́ ẹ lo yàn. N kò ní bínú."

Gbẹ́nàgbẹ́nà náà ní, "Ta nìyẹn?"

"Kásẹ́ẹ̀tì àlòkù ni," ni tíṣà dáhùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa. Kò wò mí. Nínú gbogbo ọdún márùn-ún, ìgbà yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí tíṣà àgbà yẹra fún ojú mi.

Níbẹ̀. Níbo ni níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan yìí ni wọ́n fi dè mí mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, ó fẹ́ mú mi lọ, ó ti yan ibì kan àti ọjọ́ kan, ọjọ́ náà sì lè jẹ́ ọ̀la. N kò ní àdírẹ́sì rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni àdírẹ́sì wa. Mo wá awakọ̀ tó mú un wá lọ, ó ní, "Lọ́wọ́ awakọ̀ ni mo ti gbà á, ọwọ́ rẹ ni mo fi lé. Mo ha gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ bí?" Ní ọjọ́ Ajé, mo dọ̀bálẹ̀ fún tíṣà, mo ní mo fẹ́ lọ kí ìyá mi fún ọjọ́ díẹ̀. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé Ilobi lò ń lọ, àbí Ọjà-Ọ̀dàn?" Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ gbafẹ́ lọ́jà. Mo ní, "Ilobi ni, sà." Ó ní, "Ibi yòówù kó jẹ́, di ìgbà tá a bá kó ẹ̀gẹ́ wálé tán." Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó kó ẹ̀gẹ́ náà tán. Ọjọ́ tó dá mi sílẹ̀, Ìdìrókò ni mo gbà lọ, nítorí ibẹ̀ ni mo mọ̀ pé àwọn tó ń ti Kútọnu bọ̀ ń gbà kọjá. Mo dúró láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, mo ń wo ojú gbogbo ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo padà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀.

Mo tún lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé tíṣà lọ sí ìlú mìíràn. Kò sí táàmù tó dé. Lẹ́yìn náà mo kọ́ bí a ti ń gun ọ̀kadà, mo sì fi ṣe iṣẹ́ ní Ọjà-Ọ̀dàn, níbi tí mo ti ń dúró de èrò lábẹ́ igi ọdán ńlá kan fún ọdún mọ́kànlá. Ìyá mi kú láàárín ìgbà náà. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àkọ́bí òun ti gbàgbé òun, èmi tí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ kò sì ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ ju orin ìkórè lọ.

Mo ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé ìkànnì ayélujára kò ní èrè kankan fún ẹnikẹ́ni, pé ó ń fi àkókò ṣòfò, ó sì ń ba ọmọ jẹ́. N kò jiyàn pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe fún mi. Àwòrán kan wà lọ́wọ́ mi, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yà ní Ìlaró nígbà tí a wà ní kékeré, aṣọ kan náà wà lọ́rùn wa. Ọmọbìnrin mi gbé àwòrán náà sí orí ìkànnì, ó bi mí pé kí ni kí òun kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó kọ orúkọ wa, kó kọ Ilobi, kó kọ Abíjáà. Oṣù kan kò pé tí ọmọbìnrin kan fi dáhùn ní èdè Faransé. Fóònù yí Faransé náà padà sí Yorùbá tí kò gún dáadáa, ṣùgbọ́n ó yé mi: ẹni tó wà lápá òsì nínú àwòrán ni bàbá òun. Ìyẹn nìkan kọ́. Nítorí kí n lè máa dá ọmọ náà lóhùn fúnra mi, èmi tí mo ka ìwé mẹ́rin padà sí ìdí lẹ́tà a, b, d lójú fóònù, mo ń fi ìka kan wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí mo fi lè kọ odidi ọ̀rọ̀ yìí láìsí tíṣà kankan tó wà láàárín ẹnu mi àti etí ènìyàn mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ohùn náà ti gbó, ṣùgbọ́n òun ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ti àtijọ́, mo ń retí ìkíni. Kò kí mi.

"Bọ̀n," ni ó wí. "Ọjà-Ọ̀dàn ni mo sọ, àbúrò. Lábẹ́ igi ọdán, ọjọ́ ọjà tó bá tẹ̀lé ìkórè ìjọ yín. Ọjà mẹ́ta ni mo fi dúró. Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù kejì sílẹ̀ fún ẹ." Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi, ó sì kí mi pẹ́, títí kan ìyá wa, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé kò sí mọ́.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti dúró sí ọ̀rọ̀ kejì. Ọjà-Ọ̀dàn. N kò dárúkọ ìlú náà fún tíṣà rí. N kò mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yàn. Báwo ni tíṣà ṣe mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ Ajé yẹn, bí kò bá ṣe pé ó kọ́kọ́ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà dópin kí ó tó tẹ bọ́tìnnì pupa?

Èmi àti tíṣà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìjọ lórí fóònù. Òun ni ó máa ń fi àdúrà ránṣẹ́ láràárọ̀, tí ó sì máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n sọ fóònù kalẹ̀. Mo bi í níbẹ̀, níwájú gbogbo ènìyàn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi kí ẹ tó gba orin lé e?" Ọjọ́ méjì kọjá láìsí àdúrà. Ní ọjọ́ kẹta ó kọ ìdáhùn, mo sì kọ ọ́ síbí bí ó ti kọ ọ́ gan-an: "Ìwọ lo sọ pé ti ìjọ ni. Ní ti Ọjà-Ọ̀dàn, ta ni kì í lọ síbẹ̀?" Àwọn ènìyàn ní kí n fi sílẹ̀, pé àgbà ni. Ẹnìkan fi àwòrán ọwọ́ tó pàdé pọ̀ ránṣẹ́.

Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyí tí mo fi kó tèmi àti tirẹ̀ síwájú yín, tí n kò sì fi irọ́ tí mo pa lọ́jọ́ Ẹtì náà pamọ́. N kò bèèrè owó, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó sọ pé òun gbọ́ ọ, kí n lè fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Abíjáà, kí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń bọ́ mi ni mo yàn. Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ gbé e yẹ̀ wò: ṣé ẹnu mi ló pa kásẹ́ẹ̀tì náà, tàbí etí tíṣà? Ẹ dá a bí ó bá ti tọ́ lójú yín. Bí ẹ bá sì dá mi lẹ́bi, èmi yóò gbà, nítorí pé ní ìgbà yìí, mo ti sọ ọ̀rọ̀ mi tán kí ilẹ̀kùn tó ṣí.